Bí Arìnrìn-àjò Ṣe Lè Ra Máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́, Kí Ó Jẹ Ẹ́ Lójú Ọ̀nà, Kí Ó sì Gbé E Délé Láì Bàjẹ́

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹfà yóò rí i pé kò pẹ́ tí ọkọ̀ bá kúrò ní Ọ̀yọ́ ni máńgòrò ń gba ẹ̀bá ọ̀nà lọ́wọ́ gbogbo ọjà yòókù. Nínú agbọ̀n ni, lórí tábìlì ni, lórí àpò tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nítorí èso yìí débi pé irú máńgòrò kan ń jẹ́ orúkọ ìlú náà káàkiri Nàìjíríà, tí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ rí sì lè dúró sí ọjà kan ní Èkó kí ó máa béèrè máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí láti ìgbà tí mo ti ń gba ọ̀nà yìí ni pé ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò kì í jẹ àjẹgbádùn rẹ̀. Wọ́n á fi ìkánjú rà á, wọ́n á jẹ ẹ́ ní ìjẹkújẹ nínú ọkọ̀, èyí tí wọ́n bá sì gbé délé yóò ti di omi nínú ọ̀rá kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìdí kan ṣoṣo ni mo rí fún un: wọn kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín máńgòrò tí ó gbó àti èyí tí ó pọ́n. Èdè wa kò da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Máńgòrò gbó nígbà tí ó bá ti dàgbà tán lórí igi, tí kóró rẹ̀ ti le nínú, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ṣì le gbandi tí èèpo rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé. Ó pọ́n nígbà tí ó bá rọ̀, tí ó dùn, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Èyí tí ó gbó tí kò tíì pọ́n yóò pọ́n nílé. Èyí tí wọ́n já láìgbó kò ní í pọ́n bó ti yẹ láéláé, yóò kàn máa hunjọ ni, yóò sì kan lẹ́nu. Èyí tí ó ti pọ́n tán, òní ni tirẹ̀. Nítorí náà, èyí tí ẹ ó jẹ lójú ọ̀nà àti èyí tí ẹ ó gbé relé kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ọlọ́jà kan náà ni ẹ ti rà wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ àsìkò tí ẹ ń lọ

Inú ọyẹ́ ni igi máńgòrò ti máa ń yọ òdòdó. Èso àkọ́kọ́ yóò yọjú sí ọjà ní nǹkan bí ìparí oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, yóò pọ̀ yanturu ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n bí oṣù kẹfà bá ti ń lọ sí òpin. Bí ẹ bá lè yan àkókò, ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ lọ. Nígbà náà, oòrùn ti fi adùn sínú èso, òjò kò sì tíì pọ̀ débi tí eṣinṣin èso yóò fi gba gbogbo oko. Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, àmì dúdú-dúdú yóò máa pọ̀ lára èèpo, ìdin yóò sì máa pọ̀ nínú rẹ̀. Máńgòrò ìparí oṣù kẹfà ṣì lè dùn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kejì: Àwọn ohun tí ẹ ó kó sínú àpò kí ẹ tó kúrò nílé

Kò pọ̀. Ọ̀bẹ kékeré kan tí ó mú, tí ẹ fi aṣọ wé, omi inú ọ̀rá mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ ó fi fọ èso àti ọwọ́, ọṣẹ díẹ̀, táwẹ̀ẹ̀lì kékeré kan tí ó ti gbó, nítorí àbàwọ́n máńgòrò kì í fẹ́ kúrò lára aṣọ, ọ̀rá kan fún èèpo àti kóró, àti pákò kan, nítorí fọ́nrán tí yóò há sí yín léyín. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó rà wálé, ẹ mú páálí tàbí agbọ̀n kan dání. Ọ̀rá kì í ṣe ohun tí a ń fi kó máńgòrò rìn jìnnà, nítorí ooru inú rẹ̀ ni yóò sè é.

Ẹ má wọ aṣọ funfun. Mo mọ̀ pé ẹni tí ń lọ sí òde ìgbéyàwó kò ní yíyàn, ṣùgbọ́n kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ra tirẹ̀ nígbà tí ó bá ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ibi tí ẹ ó ti dúró rà á

Láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tó nǹkan bí kìlómítà 50, láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Èyí túmọ̀ sí pé ibi yòówù tí ẹ bá ń lọ, ẹ ó kọjá láàárín ibi tí èso náà pọ̀ sí, kò sì yẹ kí ẹ rà á níbi tí ẹ bá kọ́kọ́ ti rí i. Ní Ọ̀yọ́, ẹ lè yà sí Owódé, tàbí kí ẹ wọ inú ìlú lọ sí ọjà Akẹ̀sán níwájú ààfin Aláàfin, níbi tí ẹ ó ti rí máńgòrò láàárín igbá, ẹ̀fọ́ àti ohun gbogbo. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àgbègbè Tákíé kò ṣeé gbàgbé fún ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn tí wọ́n bá sì ń lọ sí Yunifásítì LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, yóò bá àwọn ọlọ́jà kéékèèké pàdé ní ìtòsí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní tèmi, mo fẹ́ràn àwọn abúlé tí ó wà kí a tó wọ ìlú, nítorí ẹni tí ó ń tà níbẹ̀ ni ó sábà máa ń mọ igi tí wọ́n ti já a, ó sì lè sọ fún yín bóyá àná ni wọ́n já a tàbí ní ìjẹta.

Bí ọkọ̀ èrò ni ẹ wọ̀, ẹ ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ láti gáréèjì, kí ẹ má ṣe pariwo "Ó yá, ẹ dúró!" nígbà tí ọkọ̀ ti ń sáré. Ẹ má sì fi ojú fèrèsé rà á lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tí ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Yàtọ̀ sí ewu tí ó wà níbẹ̀ fún ọmọ náà, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣà á: ohun tí wọ́n bá nà sí yín ni ẹ ó gbà, ọkọ̀ yóò sì ti lọ kí ẹ tó rí ìdajì rẹ̀ tí ó ti bẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí ẹ ó ṣe ṣà á

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ kọ́kọ́ kí ìyá ọlọ́jà dáadáa. "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ajé á wọgbá o." Nígbà tí ó bá ti ṣe àmín, tí ó sì ti kí yín kú ìrìn, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èló ni, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún. Gbólóhùn tí mo máa ń lò ni: "Ìyá, ẹ bá mi ṣa tòní mẹ́fà, kí ẹ sì bá mi ṣa tọ̀túnla ogún." Ọlọ́jà tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò lóye lọ́gán, yóò sì ti ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó o. Bí ó bá kàn ń kó o láti ojú kan náà láìwo ohunkóhun, ẹ dá ọwọ́ rẹ̀ dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín ṣà á.

Fún tòní, imú ni kí ẹ lò ṣáájú ojú. Ẹ gbé e sí imú ní ìdí, níbi tí ó ti so mọ́ igi. Bí ó bá pọ́n, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ó tó kan imú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mú, kí ẹ fún un díẹ̀ bí ẹni tí ó di ọwọ́ ọmọdé mú. Yóò gbà fún yín díẹ̀. Ẹ má fi èékánná tàbí àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, nítorí ojú ibẹ̀ yóò dúdú kí ọjọ́ tó rọ̀, ọjà ẹlòmíràn ni ẹ sì bà jẹ́ yẹn. Ẹ má gbára lé àwọ̀ nìkan. Àwọn irú kan wà tí wọn yóò pọ́n tán tí ara wọn yóò ṣì ní àwọ̀ ewé, àwọn mìíràn sì wà tí oòrùn ti pa ní pupa ní ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí wọn kò tíì gbó rárá.

Fún tọ̀túnla, èjìká rẹ̀ ni kí ẹ wò. Máńgòrò tí kò gbó máa ń fẹ́lẹ́ lápá òkè, èjìká rẹ̀ á dà wálẹ̀ láti ìdí. Èyí tí ó ti gbó yóò sanra níbẹ̀, èjìká rẹ̀ yóò ga ju ibi tí ó ti so mọ́ igi lọ, tí ibẹ̀ yóò fi kó wọnú bí ìdodo. Yóò wúwo ju bí ó ti tóbi lọ, àwọ̀ ewé rẹ̀ yóò sì ti fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ béèrè bóyá gọ̀ǹgọ̀ ni wọ́n fi já a tàbí wọ́n mi igi. Èyí tí ó já lulẹ̀ lè dára lójú lónìí, ṣùgbọ́n ibi tí ó fi gba ilẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà lọ́la. Kò burú láti ra èyí tí ó re fún jíjẹ lójú ẹsẹ̀. Fún ìrìn-àjò ni kò dára.

Ẹ wo èèpo yíká. Bí ẹ bá rí ojú kékeré kan bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, tí oje ti gbẹ lé e lórí, tí ara ibẹ̀ sì rọ̀ ju ibòmíràn lọ, eṣinṣin ti yé ẹyin síbẹ̀. Ìdin ni yóò bá yín pàdé nínú rẹ̀. Bákan náà, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí gbogbo ara rẹ̀ pọ́n dọ́gba-dọ́gba láìsí àmì kan, tí ó sì ṣì le, tí kò ní òórùn rárá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi kábáìdì sí i, ohun tí àwọn tí ń jó irin ń lò. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí kábáìdì tí a ń rí ní ọjà máa ń ní èròjà olóró bí arsenic nínú. Láàárín àsìkò gan-an, nígbà tí máńgòrò pọ̀ bí erùpẹ̀, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi nílò rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, nígbà tí owó rẹ̀ ga tí gbogbo ènìyàn sì ń wá a, ni kí ẹ fura jù.

Ní ti irú rẹ̀, èyí tí a mọ̀ mọ́ orúkọ ìlú náà dùn, ó sì lómi, ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn yòókù. Ṣẹ́rì tóbi, ẹran rẹ̀ pọ̀, ó sì dára fún gígé. Èyí tí wọ́n ń pè ní oníkẹrosíìnì ń rùn bí orúkọ rẹ̀, àwọn kan kò sì lè fara dà á. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní tọrọ gáfárà. Bí wọ́n bá gbé èso kan tí ó dà bí máńgòrò kékeré wá, tí wọ́n sì pè é ní òro, ìbátan kọ́ ni wọ́n o: òro ni igi tí a ti ń rí àpọ̀n tí a fi ń se ọbẹ̀, ó sì ti wà nínú igbó wa kí máńgòrò tó ti Íńdíà rìn dé ọ̀dọ̀ wa.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣà á tán ni kí ẹ tó dúnàádúrà. Owó rẹ̀ ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí náà n kò ní dárúkọ iye kan. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọlọ́jà yóò dín in kù, nítorí kò ní ibi tútù tí yóò kó o sí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀ ni ẹ ń rà nígbà náà, kò sì yẹ fún ọ̀nà jíjìn. Ẹ san owó tí ó tọ́, kí ẹ sì béèrè ènì. Ènì náà ni kí ẹ jẹ kọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Oje rẹ̀ ṣáájú adùn rẹ̀

Máńgòrò àti kajú, tí Ògbómọ̀ṣọ́ náà mọ̀ dunjú, jẹ́ ọmọ ẹbí kan náà, oje àwọn méjèèjì sì máa ń jó ènìyàn lára. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni oje rẹ̀ pọ̀ jù, ìdí rẹ̀ sì ni ó ti ń ṣàn. Nígbà kan, mo fi eyín ya ọ̀kan tí kò tíì ju wákàtí kan lọ tí wọ́n já a, láti ìdí, pẹ̀lú ìwàǹwára ẹni tí ebi ń pa. Ètè mi wú, igun ẹnu mi sì bó fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí epo inú èèpo kajú bá ti jó rí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, nítorí ara rẹ̀ lè kọ èèpo máńgòrò pẹ̀lú.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ da ìdí rẹ̀ kọ ilẹ̀ kí oje tí ó wà níbẹ̀ lè kán tán. Ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ odindi rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án, torí ẹrẹ̀ àti eruku tí ó wà lára èèpo ni ọ̀bẹ yóò gbé wọ inú. Ẹ ṣan án dáadáa, bí ẹ ó bá gé e jẹ, ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò kí ó nípọn bí ìka kan, kí ẹ sì sọ ọ́ nù. Bí oje bá kàn yín lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe ha á. Bí ojú tàbí ọ̀fun bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tàbí tí èémí kò lọ geerege, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Mímu àti jíjẹ

Àwọn kan ń sọ pé àwọ́n mu máńgòrò, àwọn kan ní àwọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì máa ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Lójú tèmi, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń sọ, méjèèjì ló sì tọ́ ní àyè tirẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí ń lọ, mímu ni. Ẹ mú èyí tí ó kéré, tí ó lómi, tí ó sì ní fọ́nrán. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rọra máa rọ̀ ọ́ yíká láì jẹ́ kí èèpo rẹ̀ bẹ́, títí tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé inú rẹ̀ ti di omi. Lẹ́yìn náà, ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀, ìyẹn apá tí ó wà ní òdìkejì ìdí, kí ihò rẹ̀ má ju ìka kékeré lọ, kí ẹ fi ẹnu bò ó, kí ẹ sì máa fún un díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹ̀kán kan kò ní kán sí yín láṣọ, ẹni tí ó jókòó tì yín kò sì ní ṣe ojú burúkú sí yín. Kóró ni yóò kù nínú èèpo. Ẹ má ṣe fà á yọ nínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá ti rí ibi jókòó sí lábẹ́ igi, jíjẹ ló kù, èyí tí ó tóbi sì ni ó yẹ fún un. Kóró máńgòrò pẹlẹbẹ ni, kì í ṣe róbótó. Ẹ gbé e dúró lórí ìdí tí ẹ ti gé, kí apá tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ kọjú sí yín, kí ẹ sì sọ ọ̀bẹ kalẹ̀ ní apá ọ̀tún àti apá òsì kóró náà. Ẹ ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì. Ẹ fi orí ọ̀bẹ fa ìlà sínú ẹran rẹ̀ ní ìbú àti òró láì dá èèpo lu, kí ẹ sì ti èèpo náà láti ẹ̀yìn kí inú rẹ̀ lè yọ síta ní wẹ́wẹ́. Ìyẹn ni ẹ lè gbé fún àgbà tàbí àlejò. Kóró tí ó kù ní àárín kì í ṣe ti àlejò o. Ẹni tí ó di ọ̀bẹ mú ló ni ín, kí ó lá a títí yóò fi funfun.

Àwọn àgbà wa máa ń kìlọ̀ pé àjẹjù máńgòrò ń fa ibà. Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, ṣùgbọ́n mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: ìgbà tí máńgòrò pọ̀ gan-an ni òjò dé tí ẹ̀fọn sì ń pọ̀ sí i. Ohun tí àjẹjù rẹ̀ lè ṣe dájúdájú ni kí ó mú inú ṣàn, èyí tí kò dára lójú ọ̀nà tí ilé ìyàgbẹ́ kò sí. Méjì tó fún ẹni tí ó ṣì ní wákàtí méjì lọ́kọ̀. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà kò sì gbọdọ̀ fi ojú èso lásán wò ó.

Ìgbésẹ̀ keje: Gbígbé e relé

Ẹ to tọ̀túnla sínú páálí ní ìpele kan tàbí méjì, kí ẹ fi ìwé ìròyìn àtijọ́ sí àárín wọn, kí ìdí wọn sì kọ ilẹ̀. Ẹ má gbé ẹrù lé e. Mo ti gbé àpò gààrí lé agbọ̀n máńgòrò nínú búùtù rí, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó. Ohun tí mo gbé jáde kì í ṣe ohun tí mo lè júwe fún ẹni tí mo rà á fún. Bí ẹ bá dúró lójú ọ̀nà, ẹ wá ibòòji fún ọkọ̀, nítorí búùtù tí oòrùn pa dà bí ààrò.

Ẹni tí ó bá ń ti ibẹ̀ lọ sí òkè òkun kò gbọdọ̀ kó o tútù sínú àpò lọ sí Amẹ́ríkà tàbí àwọn orílẹ̀-èdè Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láìsí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá béèrè. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé e. Kí ó jẹ ẹ́ ní àjẹyó kí ó tó lọ.

Nílé, ẹ má kó èyí tí kò tíì pọ́n sínú fíríìjì, òtútù yóò mú èèpo rẹ̀ dúdú, kò sì ní pọ́n bó ti yẹ mọ́. Ẹ tò ó sórí àpò ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí oòrùn kò sì dé. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yá, ẹ kó díẹ̀ sínú páálí pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí ó ti pọ́n, kí ẹ sì pa á dé. Afẹ́fẹ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń mí jáde ni yóò ta máńgòrò jí. Ní àràárọ̀, ẹ máa gbé wọn sí imú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ti ń rùn ní ìdí, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé òun nìkan sínú fíríìjì títí di ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ará ilé yóò ti pé.